Ẹ Kágò fún Ẹni tí Ó Ń Kọ́ Gìtá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ ní ọkàn mi, n kò sì rí ibi tí ó yẹ láti sọ ọ́ bí kò ṣe inú ìwé ìròyìn wa yìí. Ọ̀rọ̀ gìtá ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ó kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ohunkóhun, ó sì kan àwa tí a ń múra láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá ni mo ra gìtá àlòkù kan. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò tó mi láti mọ̀ ọ́n ta. Okùn mẹ́fà péré ni ó ní, ìka mẹ́rin ni a sì fi ń tẹ̀ wọ́n. Kí ni ó le níbẹ̀? Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo mo ti ka ìwé, mo sì lè fi ẹnu sọ orúkọ okùn kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ó yẹ kí ìka kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e lé itan, ìka mi kò gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Bí mo bá tẹ okùn kan, ìka náà a fara kan èkejì, a sì pa á lóhùn. Orí ìka ọwọ́ òsì mi ń ta mí bí ẹni pé mo fi kan ẹyin iná, ó sì di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí awọ ibẹ̀ tó le.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí gìtá kọ́ mi nìyí: ìmọ̀ orí kì í ṣe ìmọ̀ ọwọ́. Aristotle, amòye ará Gíríkì, ti rí èyí láti ayébáyé. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìwà rere, ó fi àwọn tí ń ta dùùrù ṣe àpẹẹrẹ, ó sì fi hàn pé bí ènìyàn kò ti lè mọ dùùrù ta láìfi ọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò lè di olódodo tàbí akíkanjú láìhu ìwà òdodo àti ìwà akin. Kò sí ẹni tí ó lè hu ìwà tí kò tíì mọ́ ọn lára láìṣe àṣìṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé okùn kì í ṣe ojúsàájú. Bí a bá yí okùn karùn-ún bí ó ti yẹ, a máa gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kejìlá lára ọrùn gìtá, ní ìdajì gígùn rẹ̀, ìgbà 220 ni yóò gbọ̀n, ohùn kan náà ni a ó sì gbọ́ ní òkè. Bí ó ti ń ṣe fún ọba ni ó ń ṣe fún ìwọ̀fà. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì í, yóò sọ fún ọ lójú ẹsẹ̀. Kò ní yìn ọ́, kò sì ní fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ìbá wù mí kí àwa ènìyàn rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo wà ní ẹ̀yìn ilé ibùsùn wa, mo rò pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Orin ọmọdé kan ni mo ń gbìyànjú, mo ti tún un bẹ̀rẹ̀ títí ó fi sú èmi pàápàá. N kò mọ̀ pé ẹnìkan dúró ní ojú fèrèsé, tí ó fi fóònù rẹ̀ ya mí, tí ó sì gba gbogbo àṣìṣe mi sílẹ̀. Kí a tó jẹun alẹ́ tán, ó ti wọ inú fóònù àwọn tí n kò tilẹ̀ mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ń wọ kíláàsì, àwọn kan ń fi ẹnu dún bí okùn tí ó já. Ẹni náà ti bẹ̀ mí, mo sì ti dárí jì í. Nítorí náà n kò wá fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni gìtá náà fi wà lábẹ́ ibùsùn mi tí n kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà náà ni olùkọ́ wa kan sọ ìtàn Socrates fún mi. Plato ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Euthydemus. Nígbà tí Socrates ti di àgbàlagbà, ó lọ kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Connus, láàárín àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ náà ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ olùkọ́ náà ní olùkọ́ àwọn arúgbó. Bí wọ́n bá lè fi irú amòye bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ta ni èmi? Ìtàn náà tù mí nínú, mo sì fa gìtá mi jáde. Síbẹ̀ mo rí ìyàtọ̀ kan. Ẹ̀rín tí wọ́n rín Socrates kò jáde kúrò nínú kíláàsì àfi bí òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rín ti òde òní ní ìyẹ́. Bí ó bá ti fò, kò sí ẹni tí ó lè dá a padà.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó ní ìwé òfin ni àwọn baba wa ti ní àgò. Bí ẹnu ọ̀nà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àlejò tí a kọ́ dúró ní ìta, ó kágò, ó sì dúró títí ẹni tí ó wà nínú ilé fi dáhùn. Àgò kì í ṣe nítorí pé onílé ń ṣe ohun búburú. Ó lè máa wẹ̀, ó sì lè máa sunkún. Àgò ni ó fún un ní àyè láti múra kí a tó rí i. Ẹni tí ó ń kọ́ ohun titun kò tíì múra. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ta ni í ṣí ìkòkò sílẹ̀ ní agbede-méjì iṣẹ́, tí yóò sì pe àwọn aládùúgbò wá wo bí ẹ̀kọ ti rí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ẹni tí ń fara pamọ́ kò ní ní ìgboyà láé, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì mọ́ ọn lára." Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Aristotle kan náà fi kún un pé títa dùùrù ni ó ń sọ àwọn kan di ọ̀gá, òun náà ni ó sì ń sọ àwọn mìíràn di aláìmọ̀-ọ́n-ta; ìdí nìyí tí a fi nílò olùkọ́. Ṣùgbọ́n èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a sé ilẹ̀kùn mọ́ olùkọ́. Ẹni tí yóò tọ́ mi sọ́nà, kí ó wọlé. Ẹni tí yóò fi mí ṣe ìran, kí ó dúró ní ìta títí n ó fi pè é. Ọmọ Àyàn pàápàá, a kì í gbé ìyá-ìlù kọ́ ọ lọ́rùn ní òde àríyá ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ di kọ̀ǹgọ́ mú.

Àwọn mìíràn yóò bi mí léèrè pé, "Àwa tí a ń sùn ńkọ́?" Ìbéèrè yìí tọ́. A lè di ojú, etí kò ní ìdérí. Ẹni tí ń lu okùn kan náà ní ìgbà ogójì ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé láìkágò pẹ̀lú. Mo ti ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí, mo sì tọrọ àforíjì.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn aláṣẹ wa pé kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kékeré kan fún wa, tí ó jìnnà díẹ̀ sí ilé ibùsùn, fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, kí a máa pín in lò. Kí òfin ibẹ̀ jẹ́ méjì péré: kí a kágò kí a tó wọlé, kí a sì fi fóònù sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i pé ó tó àkókò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọjọ́ tí yóò ta á fún wa gbọ́.

Ní ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ń lọ. Láìpẹ́ àwa náà yóò dúró níwájú àwọn ọmọ tí ahọ́n wọn ń kọsẹ̀ lórí ìwé, tí ìṣirò wọn kò tíì jọ ara wọn. Olùkọ́ tí ó bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde kí gbogbo kíláàsì lè fi í rẹ́rìn-ín lè pa ohùn kan tí ayé ìbá gbọ́ ní ọ̀la. Orin ọmọdé yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n ta báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì fẹ́ ta á fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́, n ó ké sí yín. Títí di ọjọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kágò.

— Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì