Màmá mi ní tí mo bá ṣe yógà, kí n má wálé mọ́

Láti ọjọ́ tí mo ti mẹ́nu bà á níbí pé mo gbé Íńdíà rí, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ń bi mí: "Ṣé òrìṣà kọ́ ni yógà tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún?" Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í pẹ́ dìjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ya èmi àti ìyá tó bí mi, ẹ jẹ́ n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Oṣù keje ọdún 2018 ni mo dé ìlú Pune. Yunifásítì tí mo ń lọ nílé ló fi mí ránṣẹ́ sí tọ̀hún fún ọdún kan, káwọn náà lè rán ọmọ tiwọn wá. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kún ìgboro bí eṣú. Àṣé Pune gan-an ni olú iléeṣẹ́ Bajaj tó ń ṣe é wà! Nǹkan tí àwa ń fi orúkọ Buba Marwa, gómìnà ológun l'Ékòó láàárín 1996 sí 1999, pè, ilé bàbá ẹ̀ ni mo bá ara mi yìí.

Ilé gbígbà ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Onílé mẹ́ta ló sọ ọ́ sí mi lójú pé àwọn kì í gba ọmọ Áfíríkà. Ìkẹrin, ìyá àgbà opó kan, ló gbà mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí i. Inú ìyá dùn kọjá bẹ́ẹ̀! Àwọn náà kì í fi àgbà ṣeré: ọmọ á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, àgbà á sì súre fún un. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán. "Tai" ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, "Aaji" ni ìyá àgbà. Aaji ni mo sì ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, bíi tiwa. Ibi tá a ti yà ni ọ̀rọ̀ ẹran, torí ẹran kì í wọ ilé Aaji. Chapati pẹlẹbẹ àti ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní dal, lọ́sàn-án, lálẹ́. Èmi ọmọ tó ń fi pọ̀nmọ́ gbéra!

Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni wàhálà dé. Mo ti já bọ́ lórí ọ̀kadà rí kí n tó kúrò nílé, mo rò pé ó ti tán. Àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kan, tí mi ò lè dìde. Dókítà ya àwòrán egungun mi, ó ní kò sí èyí tó ṣẹ́, ó fún mi lóògùn, ó ní kí n máa na ara díẹ̀díẹ̀. Aaji ní, "Ìyẹn ò le, wá ká lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mi." Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, yógà ló ń kọ́ wọn láàárọ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo sọ fún màmá mi lórí fóònù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà. Ó dákẹ́ lọ bí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ni mo ní kó o lọ kà àbí òrìṣà ni mo ní kó o lọ bọ? Tó o bá ṣe é, má wálé mọ́ o."

Ẹ má bínú sí i, ẹ̀rù ló ń bà á. Oṣù kẹta ọdún 2017 làwọn èrò ya lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Greater Noida, nítòsí Delhi, màmá mi sì wo fídíò ẹ̀. Lójú tiẹ̀, àwọn tí ò rí ara mi gbà ló tún fẹ́ gba ọkàn mi. Nígbà tí oṣù parí, owó oúnjẹ tó máa ń fi ránṣẹ́ láti ìsọ̀ aṣọ ẹ̀ kò dé.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ebi ń pa mí. Mo lọ bá bàbá olùkọ́. Mo ní, "Bàbá, Kírísítẹ́nì ni mí o. Ṣé òrìṣà nìyí?" Kò bínú. Ó ní òun ò ní purọ́ fún mi: inú ẹ̀sìn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti jáde, àdúrà tí àwọn sì fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, àdúrà ni lóòótọ́. Ó ní kí n máa dúró síta, kí n wọlé tí wọ́n bá ṣe tán. "Ẹ̀yìn rẹ ni mo fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe ẹ̀sìn rẹ."

Ó ní ìpele mẹ́jọ ni yógà ní nínú ìwé Patanjali, àgbà ayé ọjọ́un tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpele kẹta ni àsánà, ìyẹn nína ara táwa ń rí nínú fọ́tò. Ìpele àkọ́kọ́ ńkọ́? Má ṣe ìkà, má purọ́, má jalè, má ṣe ìṣekúṣe, má ṣe ojúkòkòrò. Ó ní àríyànjiyàn tèmi yìí, àwọn náà ń ṣe é láàárín ara wọn. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ọjọ́ Yógà Àgbáyé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní Íńdíà yarí pé àwọn ò ní ṣe surya namaskar, torí kíkí oòrùn ló túmọ̀ sí. Kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà.

Ìlànà B.K.S. Iyengar ni bàbá yìí fi ń kọ́ wa. Ọdún 1918 ni wọ́n bí Iyengar, ara ẹ̀ kò sì le rárá nígbà èwe: ibà, táífọ́ọ̀dù, ikọ́ ẹ̀gbẹ, gbogbo ẹ̀ ló bá a jà. Ọdún 1937 ló dé Pune, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 2014. Òun ló fi àga, bẹ́líìtì, okùn àti igi kún un, kí arúgbó àti aláìlera lè ṣe é láìfi ipá.

Mo rò pé wọ́n á ní kí n forí dúró. Rárá o! Bí èèyàn ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ mi. Tí mo bá ti fẹ́ yára, bàbá á ní, "Savkash." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn lédè Marathi wọn. Èmi tó ti ń sáré lé bọ́ọ̀sì l'Óṣòdì láti kékeré, ó le fún mi ju kíkáwọ́ kíkásẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí mo ṣagídí, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà.

Ìparí ẹ̀ ni shavasana, ìyẹn sísùn bí òkú. Mo pariwo, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò tíì kú!" Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní ó dáa, kí n sùn bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lọ́mú. Mo sùn bẹ́ẹ̀. Ni omijé bá ń bọ́ lójú mi, torí ìyá tèmi ni mo rántí.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Aaji fi fóònù ya fídíò mi. Èmi nìyí lórí àga, àwọn ìyá arúgbó lọ́tùn-ún lósì. Ère Patanjali wà ní igun kan, mo jẹ́ kó hàn, mi ò fi pamọ́. Mo ka òfin ìpele àkọ́kọ́ náà sínú ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi. Ọjọ́ mẹ́ta, kò fèsì. Lọ́jọ́ kẹrin, owó wọlé. Ohun tó kọ sí mi ni pé, "Má purọ́, má jalè, mo ti kọ́ ẹ nílé. Ẹ̀yìn ẹ ńkọ́?"

Nígbà tí mo fi máa padà wálé lọ́dún 2019, mo ti lè jókòó wákàtí méjì láìdìde. Màmá mi ò tíì pè é ní yógà títí dòní. "Eré tí ọmọ mi kọ́ bọ̀" ló ń pè é. Ṣùgbọ́n tí orúnkún bá dà á láàmú, á ní, "Ìwọ, gbé àga yẹn wá."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sídìí ọkọ̀ àti sídìí iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, yógà kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ọsibítù lẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ń ru, kó má forí dúró. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀sìn ló ń kọ yín lóminú, ẹ bi olùkọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó: àdúrà wo lẹ ń gbà níbí, ta lẹ sì ń gbà á sí? Èyí tó mọṣẹ́ á dá yín lóhùn. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ má béèrè, ẹ wọ bàtà yín padà, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.