Ẹ Má Fi Èémí Ta Tẹ́tẹ́ Lábẹ́ Omi

Àwọn àgbà ló ní òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, etí omi ló máa dúró sí. Ẹni tó fọkàn tán ara rẹ̀ ló máa ń wọ ibi tó jìn. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn nítorí pé ọlidé ti ń bọ̀, àwọn kan nínú wa sì ti ń dáwó jọ láti lọ sí pool. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á sanwó ìwọlé ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á bẹ́ sómi, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní, "Ó yá, ta ló lè pẹ́ jù lábẹ́ omi?" Àwọn tó kù á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọrí, ojo ni wọ́n á máa pè é títí a ó fi wọlé.

Èrò tèmi ni pé kí eré yẹn tán láàárín wa pátápátá. Èrò mi kejì ni pé "má lọ" tí àwọn òbí àti olùkọ́ wa máa ń sọ, òun nìkan kò lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí oxygen bá ti ń tán, ara á sọ fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó ń fún èèyàn láyà, tó ń mú kó wù ú pé kó mí, carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Òun ni agogo ìkìlọ̀ wa. Àwọn ọ̀gá orí pool wá máa ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ kí wọ́n tó wọlẹ̀, wọ́n ní àwọn ń kó atẹ́gùn pamọ́. Oxygen tí mímí bẹ́ẹ̀ ń fi kún ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan. Carbon dioxide ni wọ́n ń tú dànù, ìyẹn ni pé agogo yẹn kò ní tètè dún mọ́. Tí oxygen bá wá lọ sílẹ̀ jù, ojú á ṣú lójijì bí ìgbà tí NEPA múná lọ. Kò sí ariwo, kò sí pé ó ń fọwọ́ lu omi. Ẹni náà á kàn dákẹ́ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń kà lókè á rò pé ó fẹ́ borí ni, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ọpọlọ tí kò rí oxygen gbà sì lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn aláìmọ̀kan nìkan ni omi ń mú. Natalia Molchanova, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló mọ èémí dì jù lọ nínú àwọn obìnrin lásìkò tiẹ̀. Ó dì í fún ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 2 láìṣe ìdárayá kankan nínú omi. Ní August 2, 2015, ó wọ inú òkun nítòsí erékùṣù Formentera ní ilẹ̀ Spain, a kò sì rí i mọ́ títí dòní.

Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá yẹn, tí wọ́n ń pè ní freediving, àti àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ òkun, ní òfin kan tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: má dá wọlẹ̀. Tí ẹnì kan bá wà nísàlẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lójú omi tó ń wò ó, tó sì lágbára láti lọ fà á jáde. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, ìyẹn bí ilé alájà mẹ́ta, omi ń tẹ ara ní ìlọ́po méjì ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lókè, ẹ̀dọ̀fóró á sì sún kì dé ìdajì. Títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ìwọ̀nba oxygen tó kù ṣì ṣiṣẹ́. Bí èèyàn bá ń gòkè bọ̀, títẹ̀ náà á máa dín kù, agbára oxygen á já wálẹ̀, èèyàn á sì dákú nígbà tó kù díẹ̀ kó yọrí. Nítorí náà ni wọn kì í fi í gbójú kúrò lára ẹni tó ń bọ̀ lókè, kódà lẹ́yìn tó ti yọrí. Wọ́n tún máa ń sinmi lókè fún ó kéré tán ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n lò nísàlẹ̀ kí wọ́n tó padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Àwọn tó ń wa yanrìn ní ọ̀sà ní Bàríga àti Òwòròǹṣòkí ńkọ́? Ṣé ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ tiwọn?" Ìbéèrè dáadáa ni. Àwọn ọkùnrin yẹn ń fi èémí lásán wọlẹ̀ pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bu yanrìn tí a fi ń kọ́lé l'Ékòó. Àmọ́ ẹ wò wọ́n dáadáa. Wọ́n ń di àkàbà mú sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ wọn wà lókè orí wọn, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Wọn kì í dì í títí ojú á fi ṣú kí ẹnì kan lè hó fún wọn. Síbẹ̀síbẹ̀, iṣẹ́ eléwu ni.

Ní tiwa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, a ní ìdí tí omi fi ń ba àwọn òbí wa lẹ́rù. Ní ọjọ́ Àìkú, January 27, 2002, àdó olóró bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Àwọn èèyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Òkùnkùn ti ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì já sínú kánáàlì Òkè-Àfá. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé omi ló gbé wọn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfá títí dòní. Tí màmá ẹnì kan bá pariwo pé òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ omi, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa náà. Ọmọ tí wọ́n kọ̀ fún, tó sì ṣì fẹ́ lọ, á yọ́ lọ ni. Ẹni tó yọ́ lọ kò ní mú àgbà kankan dání. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba ẹni tó dákú lábẹ́ omi là, ẹni tó mọ̀wẹ̀ tó ń wò ó lókè ni. Òun gan-an ni yíyọ́ lọ mú kúrò. Ẹ̀rù nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé ìwé wa mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìwẹ̀ wá sí ìpàdé PTA, kó má sì jẹ́ kí a lọ sí ibi omi kankan nígbà ìgbafẹ́ láìsí òmùwẹ̀ tó ń ṣọ́ wa. July 25 ni ọjọ́ tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè yà sọ́tọ̀ lórí dídènà kí omi gbé èèyàn. A lè lo ọjọ́ yẹn.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ jẹ́ ká gba ìwọ̀nyí. Ẹ má mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ kí ẹ tó wọlẹ̀. Ẹ má wọ kánáàlì rárá. Ìgò àti irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò lóǹkà. Tí omi bá ń gbé ẹnì kan, tí ẹ kò mọ̀wẹ̀, ẹ má bẹ́ sí i. Ẹ ju okùn, pákó tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé pa sí i, kí ẹ pe 767 tàbí 112. Tí wọ́n bá fà á jáde tí kò mí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tètè fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kó sì máa tẹ àyà rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá sì tún ní ká wá ka èémí, ẹ sọ fún un pé ẹ kò ṣe. Ẹni tó bá pè yín lójo, ẹ bi í léèrè bóyá òun lè gbé yín jáde látìsàlẹ̀.