GÉÈMÙ ÀWỌN ỌMỌ WA ÀTI OGÚN ILÉ BÀBÁ

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ àwa àgbà gan-an ló ń bá wí.

Àwọn òbí máa ń wá bá mi pé, "Dádì, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ yìí, géèmù ti fẹ́ gba orí ẹ̀." Ọ̀kan lára àwọn géèmù náà ni Crusader Kings III, tí iléeṣẹ́ Paradox ní orílẹ̀-èdè Sweden gbé jáde ní 2020. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi jọba ní Pólándì ayé àtijọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, torí kò dáa ká máa lé ẹ̀mí tá ò mọ orúkọ ẹ̀.

Géèmù yìí kì í ṣe ti ìbọn yíyìn. Máàpù ló wà níwájú ọmọ. Á mú ọdún kan, bí 867 tàbí 1066, á mú ìdílé kan, bí ìdílé Piast ti Pólándì, á sì máa ṣèlú. Á gbéyàwó, á bímọ, á bá aládùúgbò jà, á bá òmíràn dọ́rẹ̀ẹ́. Tó bá kú nínú géèmù, àrólé ẹ̀ lá máa bá eré lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òfin ogún tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú géèmù náà ni pé lọ́jọ́ tí ọba bá kú, ilẹ̀ ẹ̀ máa pín sọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Ohun tí bàbá fi gbogbo ayé ẹ̀ kó jọ á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àbúrò á di ọ̀tá ẹ̀gbọ́n. Ọmọ á pariwo ní pálọ̀, ìyá ẹ̀ á ní ẹ̀mí kan ti gbé e. Ẹ̀mí kọ́ o, ìyá wa. Ogún ló ń bá fà á!

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Bolesław III tó ń ṣàkóso Pólándì kú ní 1138. Ó ti pín ilẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀, ó ní kí àgbà láàárín wọn mú Kraków, kó máa ṣe olórí. Bàbá yìí gbìyànjú o! Ó pín ogún, àmọ́ ọkàn àwọn ọmọ ò ṣọ̀kan. Władysław àkọ́bí fẹ́ kó gbogbo ẹ̀, àwọn àbúrò ẹ̀ sì lé e jáde ní 1146, ó sá lọ sí Jámánì. Ọdún 182 ló kọjá lẹ́yìn ikú bàbá kí Władysław Łokietek tó dé adé ní Kraków ní 1320, tí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà di ọ̀kan.

Láàárín ìgbà tí wọ́n pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ yẹn, ọmọ-ọmọ Bolesław kan, Konrad ti Mazovia, ké sí àwọn ajagun ará Jámánì tí wọ́n ń pè ní Teutonic Knights, pé kí wọ́n wá gba òun lọ́wọ́ àwọn ará Prussia. Wọ́n wá lóòótọ́, wọn ò sì lọ mọ́. Ní 1308 wọ́n gba Gdańsk. Ó di 1410, ní Grunwald, kí Pólándì àti Lithuania tó pawọ́ pọ̀ ṣẹ́gun wọn.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Èkó tiwa ńkọ́? Akítóyè jọba ní 1841. Ní 1845, Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lé e kúrò lórí oyè. Akítóyè wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn bo Èkó. Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, òun àti Òṣòdì Tápà, olóyè tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Òṣòdì tiwa yìí. Akítóyè gba oyè padà, àmọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, nígbà ayé Dòsùnmú ọmọ ẹ̀, Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà sì mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n ìjà ẹbí ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ògiri tí ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ẹ wá wo àdúgbò. Mélòó nínú àwọn ilé tá à ń kọjá lára wọn ni wọ́n kọ "This house is not for sale" sí? Bàbá ti lọ, ọmọ kan ti fẹ́ tà á, òmíràn ní irọ́ ni. Bí ẹni tó fẹ́yàwó lọ́nà ìbílẹ̀ bá kú láìṣe wíìlì, ṣé idí-igi ni ká fi pín in, ní iye ìyàwó, àbí orí-ò-jorí, ní iye ọmọ? Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé lórí irú ìpín yìí dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London ní 1962. Ogún ilé Yorùbá, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti lọ parí ẹ̀!

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, wọ́n ń pa ọmọ ìyá wọn nínú géèmù yẹn." Òótọ́ ni. Ábímélékì náà pa àwọn ọmọ bàbá ẹ̀ nínú Àwọn Onídàájọ́ orí 9. Bíbélì ò fi í pamọ́, ó fi hàn wá ibi tó já sí. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ bi í pé, "Kí ló dé tí ìjọba ẹ fi fọ́?" Ẹ̀yin náà á gbọ́ nǹkan. Ẹ fi òdiwọ̀n sí i: iṣẹ́ iléèwé lákọ̀ọ́kọ́, oorun lásìkò, kò sì gbọdọ̀ gba ààyè àdúrà. Ilẹ̀ Yorùbá wà lórí máàpù náà, ẹ ní kó fi ìyẹn náà jọba, kẹ́ ẹ sì sọ ìtàn Kòsọ́kọ́ fún un.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, tiyín ló kù. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20, Ọlọ́run rán Aísáyà sí Hesekáyà pé kó ṣètò ilé ẹ̀. Wíìlì kì í pa èèyàn. Ẹ wá lọ́yà, ẹ kọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò ní jogún nínú ẹ̀, ẹ fi pamọ́ sí Probate Registry. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Bolesław, ìwé nìkan ò tó. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ nígbà tí ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ parí ìjà tó wà láàárín wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn. Ilé tí bàbá ò bá tò, àjèjì ló máa bá a tò ó.

Ilé wa ò ní tú lẹ́yìn wa. Àjèjì ò ní pín ogún àwọn ọmọ wa, lórúkọ Jésù. Tó o bá gbà á, ṣe Àmín, kó o sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tẹ́ ẹ ti ń bára yín jà lórí ilé.