Ẹ Jẹ́ Kí Gìtá Tẹ̀lé Ohùn Wa

Orin ìfẹ́ onígìtá tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ní Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ lóde òní dùn létí, ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ru ẹrù orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ni wọ́n á fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí akọrin Aṣa, ìyẹn Bùkọ́lá Ẹlẹ́mìdé, ṣe nínú orin rẹ̀ So Beautiful. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1982, Èkó ló ti dàgbà, láàárín àwo orin Fẹlá, Sunny Adé àti Marvin Gaye tí bàbá rẹ̀ kó jọ. Nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 2007, ó fi Gẹ̀ẹ́sì yin ìyá rẹ̀ lójúkojú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan oyún àti ọmọ pípọ̀n, Yorùbá ló yà sí: ewì ìyá tí a kọ́ sórí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mú lò. Èdè kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú orin náà.

Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Gẹ̀ẹ́sì á gba ohùn orin tó bá wù ọ́. Yorùbá kò gbà. Obìnrin tó fẹ́ kọrin sí ọkọ rẹ̀, bí gìtá bá gbé ìparí ọ̀rọ̀ náà sókè, ọkọ́ oko ló pè. Ìyà tí orin mímọ́ jẹ nìyẹn nígbà tí wọ́n ń fi ohùn òyìnbó kọ ọ́, kí àwọn bí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, tó gba orin rẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922, tó mú ohùn bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹkúndayọ̀ Phillips, olórin ṣọ́ọ̀ṣì, náà kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Gìtá rọ́ọ̀kì pàápàá kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa: ẹgbẹ́ olórin BLO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta á l'Ékòó ní 1972.

Àwa Ìgbómìnà Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ ní ẹ̀ka èdè tiwa, a sì ní oríkì Olómù, ọba Òmù-Àrán. Láti 1945 ni ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ ti ní ilé tí wọ́n kó wọn sí. Ṣùgbọ́n ẹnu ni oríkì ń gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní Yunifásítì Landmark, ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n kì yín. Ẹ fetí sí ibi tí ohùn wọn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀, kí ẹ tó wá okùn gìtá tó bá a mu. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ibi tí orin bá ti dùn yín jù, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.