Ìdí Tí Yíyọ́ Òjé Kò Fi Yẹ Nílé

Kò ṣòro láti ṣe mọ́ọ̀dù tí apẹja fi ń da òjé sára ìwọ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò sínú igi líle ti rí i ṣe. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ. Ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 327 ni òjé ń yọ́, iná ìdáná lásán sì lè ṣe é. Bí ọ̀rinrin bá kù sínú mọ́ọ̀dù, á hó lójijì, á sì ta òjé gbígbóná sójú ẹni. Èyí ṣì ni ewu tó hàn. Èyí tó fara sin ni eruku rẹ̀, tó ń bá aṣọ àti ọwọ́ wọlé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú nítorí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà.

Àwọn kan á ní àwọn ti ń yọ́ òjé tipẹ́, kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò? Òjé kì í pariwo; ọpọlọ ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Àtakò tó lágbára jù ni pé irin, tí à bá fi rọ́pò òjé, fúyẹ́ jù ú lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tóbi kó tó wúwo bákan náà. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, láti 1987 ni ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de títa ọ̀pọ̀ òjé kéékèèké ìpẹja, torí àwọn ẹyẹ odò tó ń gbé e mì, àwọn apẹja ibẹ̀ kò sì pa ìwọ̀ tì. Ẹni tó bá ṣì takú, kó yọ́ ọ níta, kí ìkòkò náà má sì padà sídìí ọbẹ̀ mọ́.