Ìró Mẹ́rin Ti Tó Onígìtá Lóde Àríyá

Boss GT-1, processor tí onígìtá fi ń yí ìró gìtá rẹ̀ padà, kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. Èèyàn lè tì í bọ inú àpò gìtá kó sì gbé e kọ́ èjìká lọ sóde. Síbẹ̀, àyè 99 ló wà nínú rẹ̀ tí onígìtá lè kó ìró tirẹ̀ sí, pẹ̀lú 99 mìíràn tí ilé iṣẹ́ ti tò sínú rẹ̀ kó tó dé ọjà. Line 6 Helix, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó jáde ní 2015, ní àyè 1,024. Ìró tí wọ́n ti tò pamọ́ báyìí ni àwọn onígìtá ń pè ní preset: bí overdrive ṣe gbóná tó, bí delay ṣe jìnnà síra tó, bí reverb ṣe pọ̀ tó, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Àyè ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹsẹ̀ méjì péré ni onígìtá ní, ọ̀kan nínú wọn ló sì fi ń dúró.

Púpọ̀ nínú àwọn onígìtá wa ló ń to preset bí ẹni pé gbogbo orin tí wọ́n máa lù ti wà lákọsílẹ̀. Ọ̀kan fún orin yìí, òmíràn fún tọ̀hún, títí ẹ̀rọ á fi kún. Ètò yẹn dára fún ẹni tó mọ orin tó kàn. Kò bá òde jùjú mu, kò bá ìyìn inú ṣọ́ọ̀ṣì mu, ó sì tó àkókò kí àwọn onígìtá ilẹ̀ Yorùbá pa á tì. Iṣẹ́ tí gìtá ń ṣe nínú orin ló yẹ kí preset máa tẹ̀ lé. Orúkọ orin kò kàn án.

Ó yéni bí àṣà orin kan, preset kan ṣe gbilẹ̀. Àwọn tí ayé ń wò ṣe àwòkọ́ṣe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, The Edge, onígìtá ẹgbẹ́ U2 láti Ireland, sì wà lára àwọn àgbà wọn. Nínú fíìmù It Might Get Loud tó jáde ní 2008, ó jẹ́ kí àwọn òǹwòran gbọ́ ohun tó ń lù nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan lórí rẹ̀, àti bó ṣe ń rí nígbà tí ẹ̀rọ bá wọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹ̀rọ ọ̀hún jẹ́ ìdajì orin fún un. Delay rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìyára orin mu: bí orin bá ń lu ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, mìlísẹ́kọ́ǹdù 500 ló wà láàárín ìlù kan sí èkejì, The Edge sì fẹ́ràn kí ìgbohùn padà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò yẹn, ìyẹn 375. Bí ìyára bá yí, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ yí, ìdí nìyẹn tí orin kọ̀ọ̀kan fi ní ìtò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ orin tí wọ́n máa lù kí wọ́n tó gun orí ìtàgé, Dallas Schoo, tó ti ń tọ́jú gìtá rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, sì wà nítòsí.

Ta ló lè mọ orin tó kàn lóde ìnáwó ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú Òde? Láti ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni King Sunny Adé àti Ebenezer Obey ti máa ń so orin mọ́ orin, tí odidi ojú àwo kan á lọ láìdúró. Lóde gan-an, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olórí ẹgbẹ́ á rí ìyá ìyàwó tó jó wọ agbo, á yí orin sí oríkì rẹ̀. Kí ìyẹn tó jókòó, ẹni tó fẹ́ náwó á ti dé, orin á tún yí. Ìyáàlù gbọ́, ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹni tó ń darí ìyìn lè kúrò nínú orin tí wọ́n fi dánra wò láti ọjọ́ Sátidé, kó gbé ègbè tí ẹnikẹ́ni kò retí. Onígìtá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wá preset orin karùn-ún, ó ti já sẹ́yìn.

Kí wá ni iṣẹ́ tí gìtá ń ṣe? Bí èèyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ jùjú àti orin ìyìn, iṣẹ́ náà kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìró mímọ́, gbígbẹ, tó ń tẹ̀ lé ìlù: compressor díẹ̀, kò sí delay, kí gbogbo ìtẹ̀ okùn lè bọ́ sáàárín ìlù láìdà á rú. Èkejì ni ìró mímọ́ yẹn kan náà tí chorus wọ̀, èyí tí etí àwa ará ibí ti mọ̀ dunjú. Láti inú áńpílífáyà Roland JC-120 tó jáde ní 1975 ni chorus yẹn ti wá, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ sì ni wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bíi pedal CE-1. Ẹ̀kẹta ni ìró àdákọ, tó gbóná díẹ̀, tó sì ròkè ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀kẹrin ni ìró fífẹ̀ tó ní reverb gígùn, fún ìgbà tí ìlù bá rọlẹ̀ tí àdúrà ń lọ tàbí tí wọ́n ń ki èèyàn. Ẹni tó bá ní mẹ́rin yìí, tó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú òkùnkùn, lè lu òde láti alẹ́ mọ́jú.

Wọ́n lè sọ pé orin á jọra jù. Rárá o. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, gìtá bíi mélòó kan ló máa ń dún pa pọ̀, Demola Adepoju sì ti wà nídìí pedal steel rí, irú ohun èlò tó lù nínú àwo Graceland ti Paul Simon ní 1986. Ohun tó jẹ́ kí etí lè ya gìtá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni pé olúkúlùkù dúró sí àyè tirẹ̀, ohùn ọ̀kan nísàlẹ̀, ti òmíràn lókè, ti ẹnì kan ń nà gbọọrọ nígbà tí ti ẹlòmíràn ń ṣẹ́ kékeré kékeré. Bí gbogbo wọn bá fi delay àti reverb wẹ ara wọn, ariwo kan ṣoṣo ni àwọn oníjó á máa gbọ́.

Ibi tí preset wà ṣe pàtàkì bíi ohun tó wà nínú rẹ̀. Lórí GT-1, bọ́tìnì méjì ni ẹsẹ̀ fi ń rìn láti preset kan sí òmíràn, ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí ìró mímọ́ rẹ̀ wà ní 3 tí ìró àdákọ rẹ̀ wà ní 9 gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, á sì gba ojú gbogbo ìró tó wà láàárín kọjá. Àwọn ará òde á gbọ́ ọ. Ìró tí iṣẹ́ pọ̀ fún jù ni kó wà láàárín, kí àdákọ wà lápá ọ̀tún rẹ̀, kí ìró fífẹ̀ wà lápá òsì, kó má sì yí padà láé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹsẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n, ojú á sì lè máa wo olórí ẹgbẹ́.

Ọ̀ràn kan tún wà tó ń pa jùjú lára ju orin mìíràn lọ. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ preset tuntun, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tú èyí tó wà nílẹ̀ ká kó tó to tuntun, ìró sì sábà máa ń ṣẹ́ fún ìwọ̀n bíńtín. Ìgbohùn delay tó ṣì ń rìn lọ́wọ́ lè kú lójijì. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó máa ń dúró gba àtẹ́wọ́ láàárín orin méjì kò ní mọ̀ ọ́n lára. Onígìtá tẹ́nọ̀ tó ti ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn, ihò yẹn á hàn gbangba nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2016, Line 6 fi ohun tí wọ́n pè ní snapshot kún Helix: àwọn ẹ̀yà inú preset á wà níbi tí wọ́n wà, kìkì pípa àti títàn wọn àti ìwọ̀n wọn ló ń yí, nítorí náà ìró kì í ṣẹ́. Owó Helix kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní GT-1 lásán lè rí nǹkan tó sún mọ́ ọn, nítorí bọ́tìnì CTL1 lè tan overdrive tàbí chorus láìkúrò nínú preset. Preset méjì, pẹ̀lú CTL1 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìró mẹ́rin ti pé nìyẹn.

Gbogbo ìtò yìí lè bàjẹ́ bó bá jẹ́ inú yàrá ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ìró bá lọ sílẹ̀, etí èèyàn kì í gbọ́ bass àti ohùn tó tín-ín-rín tó bó ṣe ń gbọ́ ohùn àárín. Onígìtá tó ń fi íápíìsì to ìró rẹ̀ lóru, kó má baà dí ará ilé lọ́wọ́, á fi bass kún un, á fi treble kún un, á dùn mọ́ ọn. Bó bá dé iwájú sípíkà ńlá lọ́jọ́ kejì, bass yẹn á bá gìtá bass jà, treble á máa gún àwọn èèyàn létí, ohùn àárín tó yẹ kó gbé gìtá yọ láàárín gángan àti kíbọ́ọ̀dù kò sì ní sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí olórí ẹgbẹ́ àti olùdarí orin máa fún onígìtá láyè láti to ìró rẹ̀ níbi tí wọ́n máa ti lù, ní ìwọ̀n ariwo tí wọ́n máa fi lù, kí gbogbo ìlù sì máa lọ lọ́wọ́. Àdákọ nílò désíbẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, ẹ̀yìn overdrive ló sì yẹ kí wọ́n fi í sí. Bó bá wà níwájú rẹ̀, ṣe ni ìró á kàn máa gbóná sí i, kò sì ní ròkè.

Preset tí wọ́n ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tó ṣe é lè ti fi gìtá tó ní humbucker ṣe é, èyí tó máa ń ti overdrive lágbára ju gìtá single coil lọ. Ó sì lè jẹ́ pé áńpílífáyà ló ń lù ú sí, nígbà tó jẹ́ pé inú mixer gan-an ni púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ki gìtá sí. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tún un tò látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà owó náà ì bá dára kó fi ra okùn gìtá.

Àyíká tiwa ní ìṣòro tirẹ̀. Àyìndé Bákàrè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iná gbé ohùn gìtá sókè nínú jùjú ní ìparí àwọn ọdún 1940, láti ìgbà náà ni olórin ti ń wo ojú iná. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á, gángan kò dúró, ṣùgbọ́n processor gbọ́dọ̀ jí padà. Ó yẹ kí onígìtá ti mọ̀ nílé ibi tí tirẹ̀ máa ń jí sí, kó sì mọ iye bọ́tìnì tí á tẹ̀ kó tó dé ìró mímọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni processor níbi púpọ̀, onígìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sì ń lò ó: ẹnì kan ní ìsìn àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ní ìsìn kejì, ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ Wẹ́sídè. Olúkúlùkù ń yí i, ó ń tẹ bọ́tìnì ìpamọ́, iṣẹ́ ẹni àná á sì pa rẹ́. Ìjà tó ń bá èyí wá kò kéré, ó sì ṣeé yẹra fún. Kí olùdarí orin pe gbogbo wọn jọ, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ìró mẹ́rin ti ìjọ, kí ìyẹn wà ní 1 sí 4, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí ẹni àkọ́kọ́ gba 11 sí 20, kí ẹni kejì gba 21 sí 30, bẹ́ẹ̀ ni kó máa lọ. Kí orúkọ tó hàn lójú ẹ̀rọ jẹ́ orúkọ iṣẹ́, kó kúrú, kó ṣeé kà láti ìdúró. Okùn USB kan àti ètò Boss Tone Studio tí ilé iṣẹ́ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó láti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ìjọ, kí onígìtá tó dé láti ìjọ mìíràn lọ́jọ́ Àìkú lè lọ sí 2 kó sì bá ìró mímọ́ níbẹ̀.