Ẹ̀kọ́ Nípa Éṣíà Yẹ Kó Fìdí Múlẹ̀ ní Johannesburg

Láti ọdún 2009 ni Ṣáínà ti jẹ́ orílẹ̀-èdè tí Gúúsù Áfíríkà ń bá ṣòwò jù lọ, síbẹ̀ ojú Beijing tàbí London la ṣì ń wò bí ọmọ wa bá fẹ́ gboyè másítà lórí bí àwọn ará Éṣíà ṣe ń gbé ayé lóde òní. Èrò tèmi ni pé Johannesburg ló yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti fìdí múlẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Éṣíà ti wà nínú ìtàn ìlú náà. Láàárín 1904 sí 1910, òṣìṣẹ́ tó lé ní 60,000 ni wọ́n kó wá láti Ṣáínà kí wọ́n wá wa góòlù ní Witwatersrand, agbègbè tí Johannesburg wà, wọ́n sì dá wọn padà nígbà tí wọn ò fẹ́ wọn mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1908, níwájú mọ́ṣáláṣí Hamidia, Gandhi àti àwọn ará Íńdíà dáná sun ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba Transvaal fi ń ṣọ́ wọn. Àwọn ará Ṣáínà ìlú náà wà nínú ìjà yẹn pẹ̀lú. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè bá àwọn oníṣòwò tó wá láti Fujian sọ̀rọ̀ ní Cyrildene láàárọ̀, kó sì wà ní Fordsburg lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Íńdíà lọ́sàn-án. Ibi tí Áfíríkà àti Éṣíà ti ń pàdé lójoojúmọ́ ni yóò ti máa ṣe ìwádìí.

Ẹlòmíràn á bi wá pé ta ni yóò gba irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́. Ẹ wo Nàìjíríà. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀yáwó pẹ̀lú báńkì Exim ti Ṣáínà. Ó di 2020 kí àwọn aṣòfin l'Ábùjá tó fariwo ta pé gbólóhùn kan nínú rẹ̀ bọ́ ààbò òfin kúrò lára orílẹ̀-èdè wa. Lóòótọ́, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀yáwó láàárín orílẹ̀-èdè. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀yìn ìbuwọ́lùwé la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiyàn lé e lórí. Ẹni tó mọ bí báńkì ìjọba Ṣáínà ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì lè ka ohun tí wọ́n ń kọ ní èdè wọn, ló yẹ kó ti jókòó ti àwọn tó ń dúnàádúrà fún wa. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn àti èbúté Lẹ́kkí, tí owó Ṣáínà wà nínú wọn, gba irú ojú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní ká kọ́kọ́ mọ Áfíríkà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé a ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ nípa ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa kùsà wa, tó ń yá wa lówó, tó sì ń gbé láàárín wa ti di apá kan Áfíríkà tá a ní ká mọ̀. A ò sì lè fi gbogbo ẹ̀kọ́ nípa Éṣíà sílẹ̀ fún àwọn ibùdó Confucius tó ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà. Ìjọba Ṣáínà ló wà lẹ́yìn wọn, wọn kì yóò sì bá wa béèrè gbogbo ìbéèrè tó yẹ. Yunifásítì Witwatersrand ti ní ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Íńdíà, Yunifásítì Johannesburg sì ní ti Áfíríkà àti Ṣáínà. Orí wọn ni ká kọ́lé lé: kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Mandarin tàbí Hindi débi tí yóò fi lè ka ìwé ìròyìn ní èdè náà kó tó gboyè. Bí owó bá wà, olùkọ́ èdè ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbà.